Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ilé-iṣẹ́ Owó-orí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ Bá Wa Ka Owó Tí Kò Wọlé

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ owó-orí bá délẹ̀, iye tó wọlé làwọn èèyàn ń béèrè. Rédíò á kéde rẹ̀, NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ á tò ó mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó gbẹ́yìn. Owó kan tún wà tẹ́nikẹ́ni kì í béèrè: èyí tí òfin, tàbí àṣẹ ìjọba, ní kí ẹ má gbà. Owó yẹn ló gbé kálámù sí wa lọ́wọ́.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ju ìwé kan lọ. Ẹ ṣí i, kí ẹ máa kọ gbogbo owó-orí tí ẹ bá yọ̀ǹda sínú rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ tò wọ́n ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, kí ẹ sì máa gbé àkópọ̀ rẹ̀ síta ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. A ò ní kí ẹ gba kọ́bọ̀ lé èyí tí ẹ ń gbà, a ò sì fẹ́ fi ìwé náà mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ ìwé bẹ́ẹ̀ kà, á rí bí ọrọ̀ ajé Òṣogbo ṣe ń mí, kí iye tó wọlé tó fi hàn.

Owó tó wọlé lónìí, èrè àná ló ti wá. PAYE oṣù yìí, ìyẹn owó-orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, ó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ kí agbanisíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́. Oníṣòwò tó ń dá ṣe tiẹ̀ ní títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta láti wá sọ iye tó pa lọ́dún tó kọjá. Bí ọjà bá kú ní Ìgbọ̀nà nínú oṣù Kẹfà, ó lè tó ọdún kan kó tó hàn nínú owó-orí àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà rẹ̀ kú kì í dúró dọdún kó tó wá bẹ̀bẹ̀. Nínú oṣù kejì sí ìkẹta ló ti ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dín owó tí wọ́n bù fún òun kù, tàbí kí wọ́n fojú fo owó ìtanràn tó ti gorí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí ọ̀nà Gbọ̀ngán náà, kó tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ló ti ń béèrè bóyá ìjọba á dín owó C of O, ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀, kù fún òun. Ìbéèrè ló ń ṣíwájú, owó ló ń tẹ̀ lé e.

Ìṣirò yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní 1967, Stanley Surrey, tó jẹ́ igbákejì mínísítà ní ilé-iṣẹ́ ìṣúná Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ pé owó-orí tí ìjọba yọ̀ǹda kò yàtọ̀ sí owó tí ìjọba ná, bí kò ṣe pé kò sẹ́ni tó ń dìbò lé e lórí lọ́dọọdún. Òfin ìṣúná tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1974 wá fi dandan lé e pé kí wọ́n máa to àwọn ìyọ̀ǹda náà mọ́ ìṣúná. Láti 2015 ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin ìṣirò fún ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ti ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa kọ owó-orí tó fojú fò fún ilé-iṣẹ́ sínú àkọsílẹ̀ ọdún rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tiwa náà ti so irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ètò ìnáwó ọlọ́dún mẹ́ta ti 2021 sí 2023. Ní ti ìpínlẹ̀, a rò pé Ọ̀ṣun lè fi tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Ilẹ̀ Yorùbá náà sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà Àgbẹ̀kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń pariwo ni pé "òkè mẹ́fà là ó san", ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Owó-orí ìgbà náà kò wo bí kòkó ṣe tà, iye kan náà ni wọ́n bù lé ẹni tó rí tà àti ẹni tí kò rí tà. Lójú òfin, ọlọ̀tẹ̀ ni gbogbo ẹni tí kò san. Ká ní ìwé kan wà nígbà náà tó ń ka iye àgbẹ̀ tó wá bẹ̀bẹ̀ fún ìdínkù ní abúlé kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, a gbà pé ìwé náà ì bá ti ké gbàjarè kí ìbọn tó dún. Èrò tiwa nìyẹn o.

Kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí a ń kà. Bí òfin bá yọ ẹnì kan kúrò nínú owó-orí pátápátá, ìyọ̀ǹda ni. Bí ó bá ní kí ẹ yọ iye kan kúrò nínú owó tó ń wọlé fún un kí ẹ tó ṣírò, ìyọ̀ǹda ni. Owó ilẹ̀, owó C of O tàbí owó ìforúkọsílẹ̀ ibi ìṣòwò tí ìjọba dín kù fún ẹnì kan tàbí fún ẹgbẹ́ kan, ìyọ̀ǹda ni. Owó ìtanràn àti èlé tí ẹ fojú fò, ìyọ̀ǹda ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ojú ìwé tirẹ̀, nítorí kì í ṣe owó-orí gan-an. Bí ẹ bá kàn sún ọjọ́ síwájú fún ẹnì kan, ìyẹn kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Gbèsè ni. Bí ẹ bá kà á mọ́ ìyọ̀ǹda lọ́dún yìí, tó bá sì wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, yóò dà bíi pé ọrọ̀ ajé sọjí, nígbà tó jẹ́ pé gbèsè àtijọ́ ni onígbèsè san.

CIT, ìyẹn owó-orí lórí èrè ilé-iṣẹ́, àti VAT, èyí tó ń gorí ọjà, kò sí nínú tiyín, NRS, ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀ tó gbapò FIRS, ló ń gbà wọ́n. Ẹ má jẹ́ kó wọ inú ìwé yìí. Àmọ́ ẹnubodè kan wà tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́. Òfin owó-orí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026, yọ ilé-iṣẹ́ kékeré tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù, kúrò nínú CIT. Ọ̀pọ̀ onísọ́ọ̀bù gbà pé àwọn náà wà níbẹ̀. Wọn ò sí níbẹ̀. Ẹni tó fi orúkọ ìṣòwò lásán forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, owó-orí ara rẹ̀ ló ń san, ọ̀dọ̀ yín ló sì ń san án sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ sọ́ọ̀bù náà di Ltd, ilé-iṣẹ́ tó dá dúró lójú òfin, èrè rẹ̀ kúrò lábẹ́ yín, ó bọ́ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ níbi tí wọn kò ti ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Owó oṣù tó bá ń san fún ara rẹ̀ nìkan ló kù fún yín. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á pòórá nínú ìwé yín bí ẹni tí òwò rẹ̀ kú, bẹ́ẹ̀ sọ́ọ̀bù ń tà gan-an. Nítorí náà, nígbà tí fáìlì kan bá fẹ́ di pípa, ẹ kọ ìdí rẹ̀: ó kú ni, ó kó lọ ni, tàbí ó di Ltd.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ìyọ̀ǹda owó-orí ní ojú méjì, ẹni tó bá sì pa ojú méjèèjì pọ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Ojú kìíní ni ìyọ̀ǹda ìtura. Ti àwọn tí apá wọn kò ká a ni: òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún owó rẹ̀ bù. Bí ìsọ̀rí yìí bá ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé òfin yí padà, ìlú ń tán lókun. Ojú kejì ni ìyọ̀ǹda ìfamọ́ra, ti àwọn tí ìjọba ń fà wá: ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba ilẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ìfúnpo, ilé ìwòsàn aládàáni. Bí ìyẹn bá ń pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí àwọn olówó ti máa fọkàn tán ìlú.

Ká ní ₦20 mílíọ̀nù jẹ́ ìtura lọ́dún kan, tí ₦80 mílíọ̀nù sì jẹ́ ìfamọ́ra. Lọ́dún kejì ó yí padà, ₦80 mílíọ̀nù di ìtura, ₦20 mílíọ̀nù di ìfamọ́ra. Ìwé tó bá ro wọ́n pọ̀ á kọ ₦100 mílíọ̀nù lọ́dún méjèèjì, wọ́n á ní nǹkan ò yí padà. Bẹ́ẹ̀, ìlú ti yí padà pátápátá.

Ìsọ̀rí kẹta, ti ilé ìjọsìn àti ẹgbẹ́ aláàánú, kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè-sódò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìwé lè pé, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n nǹkan kan. (Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣi òfin náà gbọ́: ìjọ ni òfin yọ, lórí owó tí kì í ṣe ti òwò. Pásítọ̀ tàbí Ìmáàmù tó ń gba owó oṣù, PAYE ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ bíi ti ẹlòmíì.)

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, nítorí òun ló máa kọ́kọ́ da ìwé yín rú bí ẹ kò bá múra sílẹ̀. Olùkọ́ kan ń gba ₦120,000 lóṣù, ₦1,440,000 lọ́dún. Ẹ jẹ́ ká fi owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ ná kí ìṣirò má bàa dì. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ẹ óò kọ́kọ́ yọ ₦200,000, ẹ óò tún yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, ìyẹn ₦288,000. Ó ku ₦952,000. Ìdá 7 lórí ₦300,000 àkọ́kọ́ jẹ́ ₦21,000, ìdá 11 lórí ₦300,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ₦33,000, ìdá 15 lórí ₦352,000 tó kù jẹ́ ₦52,800. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦106,800.

Lábẹ́ òfin tuntun, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí, ìdá 15 ló sì wà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Bí olùkọ́ náà bá ń san ₦300,000 owó ilé lọ́dún, òfin ní kí a yọ ìdá 20 nínú rẹ̀, ìyẹn ₦60,000, kúrò nínú owó tí a máa ṣírò. Ó ku ₦1,380,000. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦580,000. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦87,000. Owó-orí rẹ̀ já wálẹ̀ ní ₦19,800. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ yìí. Owó oṣù rẹ̀ kò lọ sókè, kò já wálẹ̀, òfin ló yí. Bí ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ bá wà lábẹ́ yín, ₦19.8 mílíọ̀nù ló bọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì tòṣì sí i nítorí rẹ̀. Ẹ fa ìlà dúdú kan sí oṣù Kìíní 2026 nínú gbogbo àwòrán ìṣirò yín, kí ẹ má sì fi iye tó wà lápá òsì ìlà náà wé ti apá ọ̀tún ní tààrà.

Ìbéèrè kan yóò wáyé: ṣé ìyọ̀ǹda ni ₦800,000 yẹn? Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kárí ayé kò tíì yé jà lórí rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a fẹ́ kí ẹ lò rọrùn. Ohun tó bá kan gbogbo ẹni tó ń san owó-orí láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, ara òfin ni, ẹ má kà á. Ohun tó bá kan àwọn kan tó sì fo àwọn kan, ìyọ̀ǹda ni. Nítorí náà ₦800,000 kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ìdínkù owó ilé jẹ́ ọ̀kan, nítorí ayálégbé nìkan ló kàn. Ti olùkọ́ wa yìí, ìdá 15 lórí ₦60,000, iye ìyọ̀ǹda rẹ̀ jẹ́ ₦9,000. Iye yẹn ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ₦60,000. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ìwé yìí nìyẹn: wọn a kọ owó tí wọ́n yọ, dípò owó-orí tí yíyọ náà mú bọ́. Òṣùwọ̀n yòówù kí ẹ mú, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ má sì yí i padà láàárín ọdún.

Ọ̀rọ̀ owó ilé yìí tọ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí kò sí ìyọ̀ǹda mìíràn tó lè sọ̀rọ̀ nípa Òṣogbo tó o. Ẹni tó bá fẹ́ ìdínkù yìí gbọ́dọ̀ sọ iye owó ilé tó san gan-an. Òfin fi òpin sí i ní ₦500,000, ìyẹn fún ẹni tó ń san ₦2,500,000 lọ́dún lórí ilé, àwọn tó sì máa dé ibẹ̀ nílùú yìí kò ní pọ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé owó ilé gidi, láti Òkè-Fìà dé Òkè-Báálẹ̀, láti Alékúwodò dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, yóò máa wọ inú fáìlì yín lọ́dọọdún láìná yín ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ béèrè rẹ̀ láti ilé dé ilé, owó ńlá ni yóò ná.

Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹ má lo ìpíndọ́gba. Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó kéré dé orí èyí tó pọ̀, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín gbùngbùn. Bí ayálégbé márùn-ún bá ń san ₦150,000, ₦180,000, ₦200,000, ₦250,000 àti ₦1,500,000, ìpíndọ́gba á sọ pé ₦456,000 ni owó ilé ládùúgbò náà, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rin nínú márùn-ún kò san tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ti àárín gbùngbùn á sọ pé ₦200,000. Ìyẹn jọ òótọ́.

Àwọn ohun tó máa ba ìṣirò yìí jẹ́ nìyí, ẹ sì máa bá gbogbo wọn pàdé. Onílé tó gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan: ẹ pín in sí méjì kí ẹ tó kọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ilé á dà bí ẹni pé ó di ìlọ́po méjì. Owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n tí wọ́n kà mọ́ owó ilé: ẹ yọ ọ́. Ọkọ àti ìyàwó tó mú rìsíìtì kan náà wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹ fi àdírẹ́sì ilé àti orúkọ onílé wá wọn rí. Onílé tí kì í kọ rìsíìtì, nítorí ó mọ̀ pé bí ayálégbé bá sọ iye tó san, ẹ óò mọ iye tóun gbà: àwọn ayálégbé irú onílé bẹ́ẹ̀ kò ní wá rárá, wọ́n sì lè pọ̀ ládùúgbò kan ju òmíràn lọ. Èyí tó le jù ni ti àìmọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn tó gbọ́ nípa ìdínkù yìí kò ní pọ̀. Lọ́dún kejì, etí á ti gbọ́ etí, iye àwọn tó ń béèrè á fò sókè, ẹnì kan á sì ní àwọn ayálégbé ti ń rọ́ wọ Òṣogbo. Kò sẹ́ni tó rọ́ wọlé. Nítorí náà, ẹ máa fi àwọn tó béèrè lọ́dún méjèèjì nìkan wé ara wọn, ẹni kan náà, ilé kan náà.

Owó oṣù tó kéré jù náà ní wàhálà tirẹ̀. ₦30,000 ni ní 2019, ó di ₦70,000 ní 2024, òfin sì ti ní kí wọ́n máa tún un wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, kì í ṣe márùn-ún mọ́, èyí tó gbé èyí tó kàn dé 2027. Ọjọ́ tí iye yẹn bá gòkè, àìmọye òṣìṣẹ́ á bọ́ sábẹ́ ìyọ̀ǹda lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ fa ìlà dúdú síbẹ̀ náà.

Ìdàkejì rẹ̀ ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Iye tí òfin bá fi náírà là kalẹ̀ kì í bá ọjà gòkè. ₦200,000 tí a yọ fún olùkọ́ wa lábẹ́ òfin àtijọ́, láti 2011 ló ti wà bẹ́ẹ̀ títí 2025 fi parí, ẹ sì mọ ohun tí ₦200,000 rà ní 2011. ₦800,000 tuntun yìí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Bí owó oṣù bá ń lọ sókè kìkì nítorí ọ̀wọ́n gógó ọjà, àwọn tó wà lábẹ́ ₦800,000 á máa dín kù lọ́dọọdún, ẹni tó bá ń kà wọ́n á sì máa sọ pé òṣì ń dín kù. Irọ́ ni. Láti mọ òótọ́, ẹ gbé iye tí òfin là kalẹ̀ gòkè bí ọjà ṣe gòkè, kí ẹ wá tún ka iye èèyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ lo ìwọ̀n ọ̀wọ́n ọjà ti NBS, ẹ ṣọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ìdá 34.80 ni wọ́n kéde fún oṣù Kejìlá 2024, ìdá 24.48 fún oṣù Kìíní 2025. Gàárì kò fi ìdá mẹ́wàá wálẹ̀ láàárín oṣù kan. NBS ló yí ọdún ìpìlẹ̀ àti ìwọ̀n ọjà kọ̀ọ̀kan padà. Ẹ lo nọ́ńbà iye owó ọjà fúnra rẹ̀ (CPI), kì í ṣe ìdá tí wọ́n ń kéde: ẹ wá oṣù tí iye àtijọ́ àti iye tuntun jọ wà fún, ẹ fi iye àtijọ́ pín iye tuntun, kí ẹ sì fi ohun tó bá jáde sọ gbogbo iye àtijọ́ di púpọ̀, kí okùn náà tó lè jẹ́ ẹyọ kan.

Ní ti ìwé fúnra rẹ̀, Excel tó. Ẹsẹ kan fún ìbéèrè kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ kọ sórí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ìbéèrè wọlé, ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i tàbí kọ̀ ọ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì á kọ ti àárín nìkan. Àṣìṣe ni, nítorí ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i kò sọ nǹkan kan nípa ọrọ̀ ajé, bí tábìlì ọ̀gá ṣe yá sí ló ń sọ. Bí ọ̀gá bá lọ lífì ní oṣù Kẹjọ, tí gbogbo fáìlì dúró dè é, ìyọ̀ǹda á di òdo lóṣù yẹn, á sì di òkìtì ní oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ tí ìbéèrè wọlé ni kí ẹ fi ya àwòrán yín. Èyí tí ẹ kọ̀ náà, ẹ kà á mọ́ ọn, nítorí ẹni tí ẹ kọ̀ fún náà, nǹkan kan ló lé e wá.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ kọ òfin tàbí àṣẹ tó gbé e ró, ìsọ̀rí rẹ̀ (ìtura, ìfamọ́ra, ìjọsìn), ìjọba ìbílẹ̀ nínú 30 tó wà àti Mọ́dákẹ́kẹ́, irú iṣẹ́, owó-orí tí ì bá san, iye tó san, àti ọjọ́ tí ìyọ̀ǹda náà máa parí. Ìyọ̀ǹda tí kò ní ọjọ́ ìparí, ẹ fi pupa kùn ún. Irú rẹ̀ ló ń di ogún ìdílé.

Bí àpẹẹrẹ, a lè ka ẹsẹ kan báyìí: wọlé 9 oṣù Kejì, fọwọ́ sí 27 oṣù Kẹta, bẹ̀rẹ̀ 1 oṣù Kẹrin, ìfamọ́ra, Ọlọ́rundá, ilé ìfúnpo, owó ilẹ̀ ₦3,000,000, san ₦1,800,000, yọ̀ǹda ₦1,200,000, kò ní tún un béèrè mọ́. Ẹni tó bá ka irú ẹsẹ yìí ogójì láàárín oṣù mẹ́ta, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un bóyá àwọn èèyàn ń kówó wá sí ìlú.

Nígbà tí ẹ bá ń kó o jọ, ẹ máa kọ iye ìbéèrè àti iye owó papọ̀. Ìyọ̀ǹda ńlá kan ṣoṣo lè gbé iye owó sókè débi tí a ò ní rí nǹkan mìíràn, nítorí náà ẹ kọ àpapọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú mẹ́ta tó tóbi jù àti láìsí wọn. Ẹ fi àpapọ̀ ìyọ̀ǹda àti owó tó wọlé pín iye ìyọ̀ǹda. Bí ₦400 mílíọ̀nù bá wọlé tí ₦100 mílíọ̀nù bọ́, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ fi oṣù mẹ́ta wé oṣù mẹ́ta kan náà lọ́dún tó kọjá, torí gbogbo ìgbà ni oṣù Kẹta máa ń kún. Ẹ sàmì sí 2020 tí kòrónà dé, sí 2014, 2018 àti 2022 tí a dìbò gómìnà, àti sí àkókò yòówù tí ìjọba bá kéde pé ẹni tó bá tètè wá san, a óò fojú fo ìtanràn rẹ̀. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń fa èrò wá tí ìyà kò lé wá.

Kí àwọn tó máa ka ìwé náà má sì sọ pé bí ẹ bá fagi lé gbogbo ìyọ̀ǹda, gbogbo owó náà á wọlé. Kò ní wọlé. Ẹlòmíì á lọ kọ́lé sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹlòmíì á sì palẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n ni iye yẹn, kì í ṣe gbèsè tí ẹnikẹ́ni jẹ ìjọba.

Àṣírí àwọn èèyàn kò gbọdọ̀ tú. Ẹ má tẹ orúkọ ẹnì kankan. Bí ìsọ̀rí kan bá ní èèyàn tí kò tó márùn-ún ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, ẹ pa á pọ̀ mọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì bo àpótí kan mọ́lẹ̀ nínú tábìlì, ẹ bo òmíràn mọ́ ọn nínú ìlà kan náà, torí bí àpapọ̀ bá wà níta, ọmọ ilé-ìwé girama lè fi ìyọkúrò rí èyí tí ẹ bò.

A dá a lábàá pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2026, nítorí òfin tuntun àti ìwé tuntun á jọ bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀yìn, ẹ lè padà lọ wá a díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ti owó ilẹ̀ àti C of O, nítorí àwọn yẹn ní nọ́ńbà fáìlì, ìwé wọn kì í tètè sọnù. Ti ìdínkù owó-orí àwọn tó ń tajà, ẹ fi í sílẹ̀ dìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Tí ẹ bá sì ní láti tún iye kan ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e síta, ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, kí a lè mọ bí àtúnṣe ṣe máa ń pọ̀ tó.

Ojú ìwé méjì tó fún ìgbéjáde kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó wà ní Yorùbá yẹn, ẹ lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ọjà ní Ìgbọ̀nà àti Ọjà Ọba, níbi tí àwọn ìyálọ́jà á ti rí i.

Àwa tiyín,
àwọn kan tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìṣirò owó àti ọrọ̀ ajé, Òṣogbo.